Wèrè Inú Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Bí wèrè bá ti jáde nínú eré, pẹ̀lú àkísà àti irun dàda, ẹ̀rín làwọn ọmọ mi máa ń bú sí. Àbúrò mi tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró á dìde, á wọ yàrá lọ. Kí ni kí n ṣe? Òǹkàwé, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọmọ mi, kí ẹ tọ àbúrò yín lọ. Àwọn eré yìí máa ń bí mi nínú: ọ̀tá á sà sí èèyàn, wòlíì á gbàdúrà, ara á yá lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì dà? Ní Aró yín níbẹ̀, ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àìsàn ni. Kí àbúrò yín má sì torí wòlíì inú eré pa oògùn tì o.