Obìnrin tó wà lẹ́yìn owó páùn 5 àtijọ́, ta ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, mo rí owó páùn 5 àtijọ́ kan nínú pọ́ọ̀sì wọn, obìnrin kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń kàwé fáwọn èèyàn, Elizabeth Fry ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ló ṣe? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÈSÌ: Ẹ ṣé gan-an, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1780, ilé olówó, ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Quaker ni wọ́n ń lọ. Ọmọ 11 ló bí.

Ọdún 1813 ló kọ́kọ́ lọ wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní London, ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó rí níbẹ̀ ò dáa rárá. Nǹkan bí 300 obìnrin tàwọn tọmọ ni wọ́n há mọ́ ibì kan, àtẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún àtẹni tí kóòtù ò tíì pè, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ó kó aṣọ wá fáwọn ọmọ ọwọ́, àmọ́ wàhálà ilé ò jẹ́ kó tètè padà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé nígbà tó padà, kò kàn kó òfin lé wọn lórí. Ó bi àwọn ìyá yẹn bóyá wọ́n fẹ́ káwọn ọmọ wọn kàwé, wọ́n ní àwọn fẹ́, ó ní kí wọ́n mú tíṣà láàárín ara wọn, wọ́n sì mú Mary Connor, ọmọbìnrin tó tìtorí aago tó jí dẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1817 tóun àtàwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ka òfin sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ sí báárà, kò gbọdọ̀ sí tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ sí èébú, àwọn ẹlẹ́wọ̀n á wá nawọ́ sókè pé àwọn gbà. Ta ló ti bi wọ́n léèrè nǹkan rí? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ, wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀, owó díẹ̀ sì ń wọlé fún wọn. Lọ́dún 1818 àwọn aṣòfin pè é kó wá sọ ohun tó fojú rí.

Ó tún jà fáwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Ọsirélíà. Tẹ́lẹ̀, inú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ò nílé lórí ni wọ́n ń kó wọn sí lọ sí etí omi, tàwọn ti ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀, aráàlú á máa sọ̀kò lù wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ tó ní ìbòrí fún wọn, ó sì ń fún wọn ní abẹ́rẹ́, òwú àti àjákù aṣọ tí wọ́n máa rán lójú omi. Ó kú lọ́dún 1845.

Ẹ wo ẹ̀yìn owó yẹn dáadáa, àwọn tó ń kàwé fún yẹn, àwọn obìnrin Newgate nìyẹn. Látọdún 2017 ni ò ti ṣe é ná mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Bank of England ṣì ń gbà á, wọ́n á bá Màmá pààrọ̀ ẹ̀.