Ṣé kí olùdarí àjọ aláàánú fipò sílẹ̀ kó tó díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mo ń darí àjọ aláàánú kan tó ń ran àwọn aláboyún àti ìkókó lọ́wọ́ ní Òṣogbo, a sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣé dandan ni kí n kọ̀wé fipò sílẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin kò sọ ọ́ di dandan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni abala 107 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàṣẹ fún pé kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, àjọ aláàánú tiyín kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Abala 106 ní kí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 25, tó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló léwu. Abala 838 òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ àti àjọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, là á kalẹ̀ pé kìkì iṣẹ́ tí ìwé òfin àjọ náà tò sílẹ̀ ni kí wọ́n fi owó àti dúkìá rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ àjọ kó àwọn alátìlẹ́yìn lọ síbi ìpolongo, tàbí tí ẹ lẹ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ oògùn tí olùrànlọ́wọ́ sanwó rẹ̀, ẹ ti tàpá sí òfin yìí. Èyí tó tilẹ̀ ń ká mi lára jù ni pé aláboyún tó wá gba oògùn lè rò pé ìbò òun lẹ ń wá, kó má sì padà wá mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ yọ̀ǹda ipò olùdarí, kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń buwọ́ lùwé ní báńkì, kí ìgbìmọ̀ alámòójútó sì kọ ìpinnu náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó kọ́kọ́ kéde dúkìá yín. Bí owó ìrànwọ́ fún àjọ náà bá wá hàn nínú àbá ìṣúná, ẹ sọ àjọṣe yín pẹ̀lú rẹ̀ síta, kí ẹ má sì dá sí ìjíròrò lórí rẹ̀.

Ìrírí yín yóò wúlò gan-an, nítorí abala 128 nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún ilé aṣòfin lágbára láti wádìí bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń ná owó tí ilé náà fọwọ́ sí fún wọn. Ẹni tó ti kọ ìjábọ̀ ìnáwó fún olùrànlọ́wọ́ rí, tó sì mọ ohun tó sábà máa ń tán nílé ìwòsàn alábọ́dé, mọ ohun tó yẹ kó bi kọmíṣọ́nnà ètò ìlera.