Ọṣẹ tí ẹlẹgbẹ́ wa fi ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì: béèrè ọjọ́ tó dà á kó o tó fi kan ara

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ń ṣe ọṣẹ ní Àgbádárìgì di ẹrù ránṣẹ́ sí ọ ní Ìkòròdú: ọṣẹ àgbọn mẹ́ta, ọṣẹ olósùn kan, ọṣẹ dúdú tó fi ewé wé, òrí tó pò sínú ike, àti ìgò kékeré ìpara olómi. O fẹ́ mọ èyí tí wàá lò fún ojú àti bí wọ́n ṣe máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O kú oríire. Ọṣẹ tí ẹni tó mọṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dùn ún wẹ̀ ju ti inú páálí lọ, àgàgà tí àgbọn rẹ̀ bá jẹ́ ti Àgbádárìgì níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n má tíì kan omi sí ìkankan.

Kọ́kọ́ pè é, kó o bi í ní ọjọ́ tó da ọṣẹ yẹn. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ọ́. Àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà kì í fẹ́ bi ara wa ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ká má baà dà bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn sí ẹ̀bùn lẹ́sẹ̀. Ìtìjú yẹn ti bó èèyàn lọ́wọ́ rí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Bi í. Bi í ní epo tó lò pẹ̀lú, kó o sì bi í bóyá òṣùwọ̀n ló fi wọ̀n ọ́n tàbí dẹ̀ríkà.

Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Epo àti kọ́sítíìkì (caustic soda, èyí tó máa ń jó awọ) ló ń di ọṣẹ. Epo kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n kọ́sítíìkì tó lè jẹ. Kílò òróró àgbọn kan máa jẹ nǹkan bíi gíráàmù 183. Kílò àdín, bíi 176. Epo pupa, bíi 142. Òrí, bíi 128. A kì í fún epo ní gbogbo ohun tó lè jẹ tán. À ń dín in kù ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún awọ ara. Fún àgbọn, ìyẹn di gíráàmù 174.

Ó dáa. Ìwé sọ pé kílò kan. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ bu lítà kan. Lítà òróró àgbọn kan kò pé kílò kan o, bíi gíráàmù 920 ni. Gíráàmù 920 yẹn kò lè jẹ ju bíi 168 lọ. Ó ti da 174 sí i. Gíráàmù mẹ́fà tó kù kò rí epo jẹ, awọ ara rẹ ni yóò jẹ. Ká tún wá ní àgbọn wọ́n lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi òrí rọ́pò rẹ̀, kò sì yí ìwọ̀n kọ́sítíìkì padà: gíráàmù 46 ló máa ṣẹ́ kù nínú kílò kan. Ìyẹn kì í ṣe ọṣẹ mọ́, ohun tí wọ́n fi ń ṣí gọ́tà ni. Ó sì lè dán, kó le, kó máa ta sánsán, kí wọ́n fi ríbọ́nù dì í. Ojú kò lè dá a mọ̀.

Ohun tó ń mú inú bí mi ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí WhatsApp tó máa ń ní, "Ẹ kàn fi sílẹ̀ kó gbẹ, yóò rọ̀." Ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ tí kò tíì gbẹ, ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ tí kọ́sítíìkì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀n dáadáa, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni kọ́sítíìkì inú rẹ̀ ti parí iṣẹ́; omi ló kù tó ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a ń fún un. Lásìkò òjò, nítòsí ọ̀sà bíi tiwa ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, fún un ní mẹ́fà. Bí o kò bá gba ọjọ́ tó sọ fún ọ gbọ́, gbé ọṣẹ kan sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá tẹ̀ léra wọn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi gíráàmù kan dín mọ́, ó ti gbẹ. Èyí tó tutù nínú ṣì lè wẹ ara, àmọ́ á ta awọ díẹ̀, á máa yọ̀ bíi ilá, á sì tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó lo ń jẹ́ kó bá omi lọ.

Èyí tí kọ́sítíìkì pọ̀ jù ní tirẹ̀, gbígbẹ kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Bí o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan sí méjì. Ìyẹ̀fun funfun tó bo ẹ̀yìn ọṣẹ kò burú, afẹ́fẹ́ ló fà á; aṣọ tútù máa nù ún kúrò. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni èyí tó wà nínú: kóro funfun tó le, tàbí ihò kékeré tí omi ń sun jáde láti inú rẹ̀. Omi yẹn, má fi ìka kàn án. Bí o kò bá rí nǹkan kan, fi omi pa ìka rẹ, fi yí ara ọṣẹ náà, kó o wá fi ìka náà kan ṣóńṣó ahọ́n. Bó bá ta ọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n kan orí bátìrì, ó tán, jù ú nù. Bó bá kàn dùn bí ọṣẹ, kò sí wàhálà. Ẹni tí kò fẹ́ fi ahọ́n dán an wò lè ra bébà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá nǹkan kan bí ọsàn tàbí ó ń jó bíi kọ́sítíìkì, kó hó ọṣẹ náà sọ́wọ́, kó ki bébà bọ̀ ọ́. 9 sí 10 ni ti ọṣẹ gidi. Bó bá ti dé 11 sókè, fi sílẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé pH ọṣẹ tirẹ̀ jẹ́ 5.5. Ọṣẹ tó bá wálẹ̀ dé ibẹ̀ yóò tú padà di ọ̀rá, kò ní hó. Ohun tí wọ́n ń tà ní 5.5 lè dára, àmọ́ kì í ṣe epo àti kọ́sítíìkì.

Bó bá sì ti jó ọ, omi tó ń ṣàn ni, ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ọtí kíkan, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́, kì í ṣe epo pupa. Bó bá kan ojú, ẹyinjú ni mò ń wí, máa fi omi ṣàn án bí o ṣe ń wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ó dáa, ká ní gbogbo ẹ̀ yege. Ọṣẹ mẹ́rin tó le yẹn fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó wà ní ilé ìwẹ̀, kó o tiẹ̀ gé e sí méjì, kó wà lórí nǹkan tó ní ihò tí omi á máa ro kúrò nídìí rẹ̀. Fi bébà wé àwọn tó kù, kì í ṣe ọ̀rá, kó o kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Má kó wọn pọ̀ mọ́ káńfọ̀ o, ọṣẹ máa ń fa òórùn mọ́ra. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje wàá rí i tó ń làágùn, bí ìrì lára ewé kókò. Glycerine, ohun tó máa ń jáde lára epo nígbà tó bá di ọṣẹ, ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, kò bàjẹ́. Nù ún, gbé e sí abẹ́ fáànù. Oòrùn kọ́. Fíríìjì pàápàá kọ́, torí tó bá jáde ńbẹ̀, á tún tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí omi bọ́ọ̀hóòlù ilé rẹ bá jẹ́ irú èyí tó máa ń pọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì nídìí, irin ló wà nínú rẹ̀. Irin yẹn máa ń ba epo ara ọṣẹ jẹ́, yóò sì yọ àmì tótòtó tó jọ ìpatà, òórùn rẹ̀ á dà bí epo àtijọ́. Kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n kò ní wù ọ́ fi wẹ̀. Èyí tó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ lára lẹ́yìn ìwẹ̀, ìyẹn omi líle; ọṣẹ àti omi náà ló bára wọn jà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ kọ́. Fi omi òjò ṣan ara gbẹ̀yìn.

Ọṣẹ dúdú yàtọ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣì í ṣe. Eérú èèpo kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kọ́sítíìkì nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀, tó sì máa ń fa omi. Tú ewé rẹ̀, kó o kó o sínú ike tó ní ìdérí. Má gbé e sí gbangba bí ti ọṣẹ líle. Má fi odindi ẹ̀ ha ara, torí eérú tó há sínú rẹ̀ máa ń fá awọ. Bù tó ẹyọ ẹ̀pà kan, fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi hó, kó o wá fi í sí kànrìnkàn.

Òrí tó pò: bó bá yọ́ nínú ọkọ̀ láti Àgbádárìgì dé ọ̀dọ̀ rẹ, tó sì tún dì padà, wàá rí i tó dà bíi gàrí lọ́wọ́. Kò bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ tó fi tutù ló fà á. Gbé ike náà sínú omi gbígbóná títí tí yóò fi yọ́ pátá, kó o gbé e sí fírísà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè yára dì. Ọwọ́ gbígbẹ tàbí ṣíbí gbígbẹ ni kó máa wọ inú rẹ̀. Ara tó ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kó o fi í pa, tó ẹyọ ẹ̀wà kan fún apá kan. Ẹni tó bá pa á sí ara gbígbẹ á máa dán bí mọ́ínmọ́ín títí di ọ̀sán, á wá ní òrí kò dáa.

Ìpara olómi ìgò yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Ohunkóhun tí omi bá wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ omi ewé tàbí omi kùkúmbà, ó gbọ́dọ̀ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó bu. Bi í ní orúkọ oògùn náà. Bó bá dáhùn pé "Vitamin E ni", kò fi nǹkan kan sí i; Vitamin E ń dáàbò bo epo ni, kì í pa kòkòrò. Bó bá ní phenoxyethanol, ó mọ ohun tó ń ṣe. Kó má ti ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí kò ní nǹkan kan, fíríìjì ni, kó o sì lò ó tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò lè kún inú rẹ̀ kí ojú tó rí ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe irú wọn, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ fún ẹlòmíì tó ń kà á. Ìpara tí wọ́n pè ní ọ́gáníìkì, tó sọ ojú èèyàn di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òrí kọ́ ló ṣe é. Mẹ́kúrì ni, tàbí hydroquinone tó ń bó awọ, tàbí clobetasol, oògùn steroid tó lágbára, tí wọ́n pò mọ́ ọn. Mẹ́kúrì ń ba kídìnrín jẹ́, NAFDAC sì ti fòfin dè é nínú ìpara. Síbẹ̀ ẹ dé ọjà, ẹ óò rí i lórí tábìlì lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fi àdín ṣe ọṣẹ ogún nínú ilé ìdáná rẹ̀ lọ béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn kan tó wà lórí àga, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la, kó mú ìwé mìíràn wá, ọ̀la yẹn kì í sì í tán. Kí n má bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ojú lo bi mí. Kò sí nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan ojú lónìí. Fi ọṣẹ fọ inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ láàárọ̀, kó o ṣàn án, kó o dúró di ọjọ́ kejì. Òrí náà bẹ́ẹ̀, ní apá kejì. Bí kò bá yún ọ, ọṣẹ dúdú tí o ti pò mọ́ omi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, lálẹ́, kó o fi òrí díẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ojú rẹ bá máa ń yọ rorẹ́, fo òrí. Ọṣẹ àgbọn, ara ni kó wà fún, àfi tó bá sọ fún ọ pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lòun dín kọ́sítíìkì kù, ìyẹn bíi gíráàmù 146 sí kílò kan. Èyí tó jẹ́ àgbọn nìkan tí kò dín tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ ojú bí ọyẹ́. Má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ohunkóhun tí o máa fi pa ojú jáde sí oòrùn, àpá tó ń dá sí awọ máa ń pẹ́ kó tó lọ.

Ti olósùn yẹn, má fi tówẹ̀lì funfun nura lẹ́yìn rẹ̀.