Àlùbọ́sà oníṣíìsì tí ọmọ mi fẹ́, tó ń di omi mọ́ mi lọ́wọ́

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí a kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún òmìnira níbí, ọmọbìnrin mi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé wọn, wọ́n sì fún un ní àlùbọ́sà tí wọ́n da ṣíìsì bò, tí wọ́n yan nínú ààrò. "Tennessee onions" ni wọ́n pè é. Láti ọjọ́ náà, etí mi ò sinmi mọ́. Ọmọ tó máa ń ṣa àlùbọ́sà kúrò nínú ẹyin díndín ni ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n se àlùbọ́sà fún òun!

Mo dán an wò. Mo gé àlùbọ́sà pupa tó wà nílé, mo da ṣíìsì tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá lé e lórí, mo fi fóìlì bo páànù, mo tì í sínú ààrò. Nígbà tí mo ṣí i, omi ló kún ibẹ̀, òróró léfòó, ṣíìsì le bíi rọ́bà, àlùbọ́sà sì ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu. Bàbá wọn yọjú wò ó, ó ní ṣé kí òun lọ tẹ ẹ̀bà tí òun máa fi jẹ ẹ́ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á? Irú àlùbọ́sà wo ni kí n rà? Ṣé mo lè lo wàrà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa? Ọ̀rọ̀ kan tún kù: inú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa ń wú tó bá ti mu mílíìkì, n kò sì fẹ́ kó máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu.

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú àbójútó ọmọ, ẹ sì kú àtìpó ibi tuntun. Maryland ni èmi ń gbé, bàbá ìbejì ni mí. Èmi ni mo máa ń dáná nílé wa lópin ọ̀sẹ̀, nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá wọn ń ṣe. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ sọ fún un pé kó gbé gààrí rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù àlùbọ́sà, bíi 89 ni omi. Ẹ wá rò ó: bí ẹ bá gé kílò kan sínú páànù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà omi kan tí ẹ gbé sínú ààrò. Bí iná bá ti mú un, omi náà gbọ́dọ̀ jáde. Fóìlì tí ẹ fi bò ó kò jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà bá lọ, ó kàn ń kán padà sínú páànù ni. Ṣíìsì tí ẹ dà lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ náà tún di ìdérí kejì. Àlùbọ́sà ò sì rọ̀ kíákíá bíi ṣíìsì. Ṣíìsì ti yọ́ tán nígbà tí àlùbọ́sà ṣì ń múra, bó bá sì pẹ́ jù nínú iná, ara rẹ̀ á sún kì, á fún òróró inú rẹ̀ jáde. Rọ́bà àti òróró tí ẹ rí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà kọ́kọ́ jiná lóun nìkan, láìbò ó, kí ṣíìsì tó débẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ará ìhà gúúsù ibí máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn àlùbọ́sà tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ wá àlùbọ́sà ńláńlá mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ tó bíi kílò kan. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gé e, torí òtútù máa ń dín ohun tó ń ta ojú kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí, kí ẹ máa gé e ní róbótó-róbótó bọ̀ níhà ìdí, kí ẹ sì fi ìdí tí gbòǹgbò wà sílẹ̀ títí dé ìgbẹ̀yìn, òun lẹ ó máa fi dì í mú. Kí ó nípọn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, á yọ́ di ọbẹ̀. Bó bá nípọn jù, ẹ máa gbọ́ kàrà-kàrà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Páànù tó fẹ̀ tí kò jinlẹ̀ ni kí ẹ lò, irú èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 9, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 13. Ẹ tẹ́ àlùbọ́sà náà síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ga bí òkìtì. Bọ́tà tó ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ni kí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí ara rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ tí kò ju ìlàjì ṣíbí tíì lọ.

Ààrò ilẹ̀ yìí, Fahrenheit ni nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ má fi ojú Lọ́ńdọ̀nù wò ó. Ẹ yí i sí 400, ìyẹn bíi 200 nínú Celsius tí ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó gbé páànù wọlé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Bó bá dé ìdajì, ẹ fi ṣíbí yí i po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, àlùbọ́sà á ti rọ̀, etí rẹ̀ á ti máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ṣì wà nílẹ̀ páànù, ẹ dà á jáde sínú abọ́, ẹ má dà á nù o! Omi yẹn ti di omitooro, ó sì ní bọ́tà lára. Ó dára nínú ọbẹ̀ ata ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá dín iná kù sí 350, bíi 180 ti ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ da ṣíìsì lé e, kí ẹ sì tì í padà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, títí tí orí rẹ̀ á fi máa hó fọ̀rọ̀fọ̀rọ̀ tí yóò sì pọ́n. Ẹ gbé e kúrò, kí ó sinmi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ á máa pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣíìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu ni, kì í sì í tètè jẹ́ kó lọ.

Ní ti irú àlùbọ́sà, ibi tí ẹ kó wá gan-an ni ẹ ti máa rí èyí tó dára jù. Ìpínlẹ̀ Jọ́jíà kò jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni àlùbọ́sà tí wọ́n ń pè ní Vidalia ti ń wá. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mose Coleman ní agbègbè Toombs ló rí i ní 1931 pé àlùbọ́sà tí òun gbìn kò ta ẹnu. Àkókò ọ̀wọ́n owó ni, síbẹ̀ ó ń ta àpò 50 pọ́ùn ní dọ́là 3.50, owó ńlá sì ni nígbà náà. Ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ ló fà á: imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré, imí-ọjọ́ yìí sì ni àlùbọ́sà fi ń ṣe ohun tó ń ta ẹnu àti ojú. Ní 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ṣe òfin pé àlùbọ́sà tí wọ́n bá gbìn ní àwọn agbègbè kan ní ìpínlẹ̀ náà nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ní 1990, wọ́n sọ ọ́ di ewébẹ̀ àmì ìpínlẹ̀ wọn. Láàárín oṣù Kẹrin ni tuntun máa ń jáde, ẹ ó sì máa rí i lọ́jà jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí kò bá sí, èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ "sweet" sí lára ṣeé lò.

Ṣúgà inú Vidalia kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àlùbọ́sà yẹ́lò lásán lọ o. Títa tí kò ta ni kò jẹ́ kí ohunkóhun bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná sì máa ń pa títa yìí lára àlùbọ́sà gbogbo, ó kàn jẹ́ pé èyí tó le máa ń pẹ́ jù ni. Nítorí náà, èyí pupa tí ẹ lò kò burú. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i ní ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, kò ní wuni wò. Ẹni tó bá dàgbà sídìí àlùbọ́sà Sókótó tàbí ti Aliero ní Kebbi, tí ìyá rẹ̀ ń gé tí gbogbo ilé ń sunkún, lè má ka Vidalia sí àlùbọ́sà rárá. Nínú ọbẹ̀ ata, mo gbà pẹ̀lú onítọ̀hún.

Ó wá ku ṣíìsì. Èyí tí wọ́n rin sínú ọ̀rá, wọ́n máa ń bu sítáàṣì tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i kó má bàa lẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọ́ dáadáa. Ẹ ra èyí tó wà ní odindi, ẹ fi gíréétà tí ẹ fi ń rin ilá rin ín. Cheddar ni kó pọ̀ jù, bíi 225 gíráàmù, torí òun ló ní adùn. Mozzarella tó ìdajì ìyẹn ni yóò jẹ́ kó máa fà bí ọmọ yín ṣe rí i lọ́hùn-ún. Parmesan díẹ̀ ni kí ẹ wọ́n sókè pátápátá. Kì í yọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń ta sánsán. Gbogbo wọn ló ní iyọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí iyọ̀ yín kéré. Ẹ má sì fi Maggi sí i. Mo mọ̀ wá.

Wàrà ilé wa kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Orí iná gbígbóná ni àwọn ìyá Fúlàní ti ń fi omi ewé bọ̀mubọ̀mu dì í, ó sì ti dì bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn, iná kò tún lè yọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi lè dín in nínú òróró tí kì í tú. Bí ẹ bá dà á sórí àlùbọ́sà, á jókòó gbọnyin-gbọnyin síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́, tí ẹ dín in kó pọ́n, tí ẹ wá tò ó sórí nígbà tó jáde tán, ìyẹn dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ti ọmọ yín ọkùnrin, tó bá jẹ́ pé inú wíwú àti inú kíkùn nìkan ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣúgà inú mílíìkì ni ara rẹ̀ kò lè lọ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn wa, àgbà pàápàá. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ṣíìsì, omi tó ń ṣẹ́ kúrò lára rẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣúgà náà lọ. Ìyókù, bí ṣíìsì bá ti ń pẹ́ nípamọ́, kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ á jẹ ẹ́. Nítorí náà, cheddar tó ti gbó àti Parmesan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà yìí mọ́. Ẹ yọ mozzarella kúrò ní apá tirẹ̀, ẹ fi cheddar tó gbó nìkan sí i, kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní díẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Àwọn wàrà tútù wa ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù ìyẹn lọ, torí pé kò gbó rárá, inú omi rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ máa ń sú, ètè rẹ̀ ń wú, tàbí ó ń mí gúlegúle tó bá fẹnu kan mílíìkì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kó má jẹ ṣíìsì kankan títí tí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èròjà kò pọ̀: aáyù gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, paprika (ata pupa lílọ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta) àti oregano (ewé gbígbẹ olóòórùn), ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sí àlùbọ́sà kí ó tó wọ ààrò, kì í ṣe sórí ṣíìsì, torí paprika máa ń tètè jóná. Bí kò bá sí oregano, èmi máa ń gé ẹ̀fìnrìn wẹ́wẹ́ sí i. Òórùn wọn súnmọ́ra, ti ẹ̀fìnrìn ló tún wù mí jù. Ata gígún, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Apá kan páànù wa máa ń ní ata, apá kejì kò ní, ìgbà míì a sì máa ń gbàgbé èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Ẹran sísun ni wọ́n máa ń fi í tì níbí, tàbí kí wọ́n kó o sínú bọ́gà. Kò bá jọ̀lọ́ọ̀fù mu lójú tèmi, òróró méjì á pàdé ara wọn. Iṣu síse ni kí ẹ dán wò. Iṣu funfun gbígbóná, kí ẹ bu àlùbọ́sà náà lé e, kí ṣíìsì rẹ̀ máa yọ́ wọ inú iṣu lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e sínú fìríìjì láàárín wákàtí méjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ààrò ni kí ẹ fi gbé e gbóná, ní 350, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Microwave á tún fún òróró ṣíìsì yẹn jáde, bàbá wọn á sì tún padà wá bèèrè gààrí.