Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Fóònù Kan Ṣoṣo Nínú Kíláàsì

Ìbéèrè: Olóòtú, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta. Fóònù tèmi nìkan ni ó wà nínú kíláàsì. Kí ni mo lè fi í ṣe? — Tíṣà, Ìtòkò.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Plickers, áàpù kan tí olùkọ́ fi ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ kíláàsì, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé fóònù olùkọ́ nìkan ni ó nílò, pẹ̀lú dátà. Ẹ ó tẹ àwọn káàdì rẹ̀ sórí bébà, ẹ ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ti béèrè ìbéèrè tí wọn yóò ti yan ìdáhùn láàárín A, B, C àti D, ọmọ tí ó bá mú B yóò yí káàdì rẹ̀ kí B lè wà lókè, kámẹ́rà fóònù yín yóò sì ka ìdáhùn gbogbo wọn láti iwájú kíláàsì. Àwòrán káàdì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré, nítorí náà jíjí ìdáhùn wò kò rọrùn (àwọn ọmọ yóò ṣáà gbìyànjú).

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kọ̀ǹpútà, Kolibri, ètò orí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ wa àwọn ẹ̀kọ́ jáde sórí rẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, wọn yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n wé sílábọ́ọ̀sì yín.