Final Fantasy tó pọ̀ tó báyìí, èwo ni kéèyàn kọ́kọ́ mú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó PS4 o, tòkunbọ̀ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tuntun náà ni. Ẹ ní ẹ rí géèmù Final Fantasy tó tò lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀, nọ́ńbà lóríṣiríṣi, ẹ wá ń béèrè pé ṣé orí I lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹnìkan ti ní kẹ́ẹ fò wọ́n kẹ́ẹ lọ mú VII, pé òun lọ̀gá, pé àwọn tó kù kàn ń jẹun lẹ́yìn ẹ̀ ni. Èmi ti wà nídìí nǹkan yìí láti ayé PlayStation àkọ́kọ́, ìgbà tó jẹ́ pé CD mẹ́ta mẹ́rin lèèyàn máa ń pààrọ̀ kí ìtàn kan tó parí, mo sì ti gbá púpọ̀ nínú wọn tán, àwọn kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò gbà pé VII lọ̀gá. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, àmọ́ òun kọ́.

Ká kọ́kọ́ mú ti nọ́ńbà kúrò ńlẹ̀. Àkọ́kọ́ jáde ní December 1987 lórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, Hironobu Sakaguchi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Square ló ṣe é, XVI jáde ní 2023, nínú gbogbo àwọn tó ní nọ́ńbà tiẹ̀ yẹn, ìtàn ọ̀kan ò tẹ̀ síwájú látinú òmíì. Ayé ọ̀tọ̀, èèyàn ọ̀tọ̀, ogun ọ̀tọ̀. Ohun tẹ́ẹ máa bá pàdé léraléra ò ju ẹyẹ Chocobo tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin, ẹnìkan tó ń jẹ́ Cid, ọkọ̀ tó ń fò, àtàwọn orúkọ idán bíi Cure àti Fire. Àwọn tó bá ní àfikún bíi X-2 nìkan ló ń tẹ̀lé èyí tó ṣáájú ẹ̀. Torí náà ibi tó bá wù yín lẹ lè gbà wọlé.

Ohun tí èmi fi ń wọn ọ̀kan mọ́ èkejì rèé: ṣé ìjà inú ẹ̀ mọ ìtàn tí géèmù yẹn ń sọ? Torí pé ìjà lẹ máa jà jù níbẹ̀, ọgbọ̀n wákàtí, ogójì wákàtí, tí ìjà bá wá ń lọ lọ́tọ̀ tí ìtàn náà ń lọ lọ́tọ̀, àfi bíi kéèyàn máa wo fíìmù kí wọ́n máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé kó wá ṣe ìṣirò.

Ẹ wo IX, tó jáde ní 2000. Ọmọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vivi, oníidán ni, onítìjú, ẹ̀rù máa ń bà á. Jagunjagun kan náà wà, Steiner, olórí ẹ̀ṣọ́ ààfin, alágídí tó máa ń bá gbogbo èèyàn jà, àmọ́ tó bá ti kan Vivi, ọ̀gá ló máa ń pè é, bó ti kéré tó un. Ẹ wá dé ojú ìjà. Steiner ní iṣẹ́ kan tó fi ń gbé iná tàbí yìnyín sórí idà ẹ̀ kó tó fi gé ọ̀tá, iṣẹ́ yẹn ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀ rárá àfi tí Vivi bá wà nínú ikọ̀, torí idán Vivi ló ń gun orí idà yẹn. Tí Vivi bá ṣubú, ó parí nìyẹn, ẹ padà sí idà lásán. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún yín pé àwọn méjèèjì ti mọwọ́ ara wọn, ọwọ́ yín tó wà lórí pádì ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àbí ti Garnet, ọmọ ọba, tó sọ ara ẹ̀ ní Dagger, lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ kú tí ìlú ẹ̀ tún run, tí ohùn ẹ̀ wá lọ pátápátá, ẹ máa wà lójú ìjà, ẹ ní kó wo ẹnìkan sàn, kò ní ṣe é, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkàn ẹ̀ ò pa pọ̀, ó sì ti fi ìgbà tó kàn án ṣòfò nìyẹn. Mo mọ àwọn tí inú máa ń bí gan-an sí apá ibẹ̀ yẹn. Inú ò bí mi. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, ẹ fẹ́ kó máa jà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é ni?

IX ní àléébù tiẹ̀. Ìjà ẹ̀ falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, Trance tó yẹ kó jẹ́ agbára tẹ́ẹ tọ́jú de ọ̀tá ńlá kì í dúró dè yín, ó máa bẹ́ jáde nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pa eku kan tó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀. Idà Excalibur II tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti dé Memoria lápá ìparí kí aago géèmù tó pé wákàtí 12, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbádùn ìtàn. Ó dáa pé èyí tó wà lórí PS4 ní bọ́tìnnì tó ń mú gbogbo ẹ̀ yára.

Nísinsìnyí, X. 2001, PS2, òun lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń la ẹnu sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan, Yuna, ń rin ìrìn àjò lọ síbi tó ti máa gba agbára láti pa ẹranko tó ń run ìlú wọn, àwọn mẹ́fà ń sìn ín lọ. Èèyàn méje ni gbogbo wọn. Ìjà ẹ̀ kò ní aago, ọ̀tá á dúró dè yín tẹ́ẹ bá fẹ́ ronú títí di alẹ́, ẹ sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú tẹlifíṣọ̀n ẹni tó kàn àti ẹni tó máa tẹ̀lé e. Mẹ́ta ló ń jà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ lè pààrọ̀ ẹnikẹ́ni láàárín ìjà, ìgbàkígbà tó bá kàn án. Ohun tó ń fò, Wakka ló ni ín, bọ́ọ̀lù ẹ̀ á bá a lókè. Ohun tára ẹ̀ rí jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí idà kì í ràn, Lulu. Ohun tára ẹ̀ le bí àpáta, Auron. Ajá tó yára, Tidus. Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kan ìjà lẹ́ẹ̀kan péré máa gba èrè tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa rí i pé gbogbo àwọn méje lẹ̀ ń lò, kò sẹ́ni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ìrìn àjò èèyàn méje, ìjà èèyàn méje.

Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́ mọ nǹkan kan ṣáájú, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Ní Zanarkand, ìlú kan tó ti di ahoro nínú X, ẹ máa pàdé ọ̀tá kan, obìnrin tó ń jẹ́ Yunalesca. Ó máa sọ àwọn èèyàn yín di Zombie, ẹni tó bá wà ní Zombie, idán ìwòsàn á máa ṣe é léṣe ni. Gbogbo ohun tí géèmù ti kọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé nǹkan burúkú tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ tètè wẹ̀ ẹ́ dànù, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa da Holy Water lé gbogbo wọn lórí, ara á mọ́, inú yín á dùn, Yunalesca náà á wá yíra padà sí àwọ̀ ẹ̀ kẹta, ó sì máa tú Mega Death jáde, gbogbo ẹni tára ẹ̀ mọ́ á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Zombie nìkan ni kì í pa. Obìnrin yẹn fúnra ẹ̀, òkú ni, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti kú tó kọ̀ tí ò lọ, ìrètí irọ́ ló sì ń fi lọ àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tó bá máa yè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ikú díẹ̀ wà lára òun. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àwọn tó ṣe géèmù yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ fi ẹnìkan ó kéré tán sílẹ̀ ní Zombie, ẹ máa wò ó. Ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n ń sọ kí ìjà yẹn tó bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé fò, tẹ́ẹ bá kú, ẹ máa tún un gbọ́ látòkè délẹ̀.

VI, tó jáde ní 1994, ni mo máa fi tẹ̀ lé e, kódà ọjọ́ míì wà tí mo máa ń gbé e síwájú X. Èèyàn mẹ́rìnlá lẹ lè kó jọ. Láàárín ìtàn, Kefka tó jẹ́ ọ̀tá máa borí, lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ o, ayé máa bàjẹ́, àwọn èèyàn yín á fọ́n káàkiri, ẹ máa jí ní erékùṣù kan, Celes nìkan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ yín. Látìgbà tẹ́ẹ bá ti bá Edgar àti Setzer pàdé tẹ́ẹ sì rí ọkọ̀ tó ń fò gbà, ẹ lè kọjú sí ilé Kefka tààrà, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan. Kò pọn dandan kẹ́ẹ wá ẹnikẹ́ni mọ́. Tẹ́ẹ bá wá a, ẹ wá a nítorí pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni, mi ò mọ géèmù míì tó fi irú nǹkan báyẹn lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ rántí Shadow o, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá yẹn: kí ayé tó bàjẹ́, ní Floating Continent, aago á máa ka sílẹ̀, ẹ máa dé etí ibi tẹ́ẹ ti máa bẹ́ sínú ọkọ̀, géèmù á bi yín pé ṣé kẹ́ẹ bẹ́ tàbí kẹ́ẹ dúró. Ẹ dúró dè é títí aago á fi ku ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹni tó bá bẹ́ ṣáájú ti pa á nìyẹn, kò ní padà wá mọ́. Ohun tí mo fi ń bá VI wí ni pé tó bá ti ń parí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn ló lè kọ́ gbogbo idán, àwọn tí wọ́n yàtọ̀ síra ní ìbẹ̀rẹ̀ á wá jọ ara wọn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ VII wà. Wọ́n gbé materia wá ní 1997, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ẹ ń fi sí idà tàbí ẹ̀wù ogun, èyí tẹ́ẹ bá fi síbẹ̀ lẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dùn ún tò, mo lè jókòó ti materia nìkan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ nínú àwọn èèyàn ikọ̀ yín, Cloud lè jẹ́ oníwòsàn, Tifa lè jẹ́ oníidán, ẹ yọ òkúta lára ti ọ̀tún kẹ́ẹ fi sára ti òsì, ó tán. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aerith, ọmọbìnrin kan nínú ikọ̀ yẹn tí wọ́n pa, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó dun àwọn èèyàn dénú eegun, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú ẹ̀ gbogbo materia tó wà lára ẹ̀ padà sínú àpò yín, ẹ fi lé ẹlòmíì lára, ìjà ń bá a lọ. Àyà yín ń sunkún, ọwọ́ yín ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ, àfi Limit Break, iṣẹ́ ńlá tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, tẹ́ ò rí lò mọ́. Ìdí tí mi ò fi lè pè é lọ́gàá nìyẹn. Remake, VII tí wọ́n tún ṣe tó jáde ní 2020, ṣe àtúnṣe ibẹ̀ yẹn, olúkúlùkù ní ọwọ́ ìjà tiẹ̀ pátápátá, àmọ́ Midgar, ìlú tí ìtàn VII ti bẹ̀rẹ̀, nìkan ni gbogbo géèmù yẹn, Rebirth tó tẹ̀lé e ní 2024 ò sì sí lórí PS4.

VIII, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Kì í ṣe pé kò dáa. Ẹ máa fa idán lára ọ̀tá títí dé 100, ẹ máa so ó mọ́ agbára tàbí ẹ̀mí yín, tẹ́ẹ bá wá lo idán yẹn agbára yín á dínkù, torí náà ẹ máa kó o jọ ẹ ò ní ná an, ó sì bá Squall tó ni ìtàn náà mu, torí ọmọ tó ń kó gbogbo nǹkan sínú tí kì í sọ ọ́ síta lòun náà. Àmọ́ àwọn ọ̀tá ń dàgbà bẹ́ ẹ ṣe ń dàgbà, ẹni tó bá wá jókòó síbì kan tó ń jà láti fi gba agbára bó ṣe ń ṣe nínú àwọn tó kù, ara ẹ̀ ló ń fìyà jẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ẹ máa fi Card sọ ọ̀tá di káàdì dípò kẹ́ẹ pa á, ẹ ò ní gba EXP tó ń mú yín dàgbà, ẹ máa gba AP tẹ́ẹ fi ń kọ́ iṣẹ́ tuntun, ẹ wá fi Card Mod sọ káàdì di ẹrù, ẹ sọ ẹrù di idán. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?

XII wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn ètò. Òfin lẹ̀ ń kọ sílẹ̀ fún èèyàn kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ bá ti kù díẹ̀ ẹ wò ó sàn, ọ̀tá tó bá ń fò ẹ yìnbọn fún un, wọ́n á sì máa jà fúnra wọn, nínú ìtàn tó jẹ́ ti ìjọba àti òfin látòkè délẹ̀. Èyí tó wà lórí PS4, The Zodiac Age, dáa ju ti 2006 lọ fíìfíì, wọ́n ti mú ìwà ìkà ọ̀rọ̀ Zodiac Spear kúrò, ọ̀kọ̀ kan ni, níbi tí àpótí mẹ́rin kan wà tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣí tẹ́ẹ bá fẹ́ rí ọ̀kọ̀ yẹn gbà, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún yín, ọ̀kan tiẹ̀ wà níta ilé bàbá kan tó ń jẹ́ Old Dalan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

XIII ò sí lórí PS4, ojú ọ̀nà tóóró ló sì ń tọ̀ títí dé orí kọkànlá. XV, mo fẹ́ràn àwọn fọ́tò tí Prompto, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ inú ẹ̀, ń yà lójú ọ̀nà, ìtàn ẹ̀ ló fọ́ sí wẹ́wẹ́. XVI dáa ní tiẹ̀, àmọ́ ìjà àfọwọ́yára ni, ẹnìkan ṣoṣo lẹ sì ń darí, PS4 yín ò sì ní gbé e.

Torí náà X ni kẹ́ẹ rà. Lẹ́yìn ẹ̀ IX, kẹ́ẹ wá mú VI ti Pixel Remaster, èyí tó ṣeé save níbikíbi tí iná bá fẹ́ lọ. Tẹ́ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ X, wọ́n á ní kẹ́ẹ yan Sphere Grid, pátákó tí àwọn èèyàn yín fi ń dàgbà, ẹ yan Standard, torí níbẹ̀ olúkúlùkù ní ọ̀nà tiẹ̀. Tẹ́ẹ bá dé Home, ibùdó ẹ̀yà Al Bhed, ẹ ṣa gbogbo Al Bhed Primer, ìwé tó ń kọ́ èdè wọn, tó wà níbẹ̀ kẹ́ẹ tó jáde, ibẹ̀ máa run. Tẹ́ẹ bá sì wà ní tẹ́ḿpìlì Besaid ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ rí i pé ẹ gba ẹrù tí Destruction Sphere ń ṣí síta kẹ́ẹ tó kúrò, torí tẹ́ẹ bá ní ẹ ó padà wá mú un, Dark Valefor, ọ̀tá alágbára kan, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà abúlé dè yín, agbára tẹ́ẹ ní nígbà yẹn ò sì tíì tó tiẹ̀.