A ti tẹ káàdì ká tó rántí Ìyálọ́jà

ÌBÉÈRÈ: Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo wà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa. A ṣèpàdé ńlá lóṣù Kẹjọ tó kọjá ká lè kówó jọ tún kànga ṣe. Àwa márùn-ún la jókòó, a dájọ́ sí Sátidé kan, a tẹ káàdì, a sanwó àga àti sónò (ẹ̀rọ gbohùngbohùn), ìgbà yẹn la wá ń gbé káàdì káàkiri ilé àwọn àgbà. Lọ́jọ́ náà àga pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọjọ́ ọjà ni, àwọn ìyá ò yọjú, àwọn bàbá ní àwọn ò mọ̀ sí i. Ó dùn mí gan-an. Báwo la ṣe máa tún un ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ìwé ìpè lẹ gbé fún wọn, ẹ ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹni tẹ́ ẹ wá bá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó àga tán, kí ló kù tó máa sọ?

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní 2001. Ṣé ẹnì kan á dédé jí kó ní alẹ́ ọ̀la ni Ẹ̀fẹ̀, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, máa jáde? Wọ́n á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyálásẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ná, onílù á gbọ́, agbẹ́gi á gbọ́, àwọn tó máa dáná á gbọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń jáde.

Ọ̀rọ̀ ọjà yẹn, ká ní ìyá ọlọ́jà kan wà láàárín ẹ̀yin márààrún ni, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ọjà ọrọọrún ò bá Sátidé rìn, tó bá bọ́ sí Sátidé yìí kò ní bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, orí àwọn ìyá ni kàlẹ́ńdà yẹn wà. Oṣù Kẹjọ náà làwọn àgbẹ̀ ń kó àgbàdo, 15 oṣù yẹn làwọn Àgùdà ń ṣọdún Màríà.

Ní oṣù méjì ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ná fráǹkì kan, ẹ lọ bá Ìyálọ́jà, olórí àdúgbò, ìmáàmù, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tó wà ní Kútọnu. Ẹ gbé ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí wọ́n sọ èyí tí ò ṣeé ṣe. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ níbẹ̀, torí ó lè má jẹ́ pé kànga tó bà jẹ́ ló ń dun àwọn ìyá jù, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, àwọn ló ń pọnmi.

Ohun tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ sọ pé ó ti parí, ẹ má fi ṣe ìbéèrè. Mo jókòó nípàdé ìsìnkú kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n ń bi wá ní aṣọ tá a máa wọ̀, aṣọ ti wà nílé télọ̀, ó ṣì ń dùn mí. Tẹ́ ẹ ò bá sì lè lo ìmọ̀ràn ẹnì kan, ẹ padà lọ sọ ìdí fún un.

Ní ti àwọn bàbá yẹn, ẹ mú obì lọ bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má mú káàdì kankan dání.